Ẹ Má Fi Ìdin Bú Wa Mọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó yínmú. Ọ̀rọ̀ ìdin ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọdún 16 ni mí, mo sì wà ní kíláàsì SS2. Abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ni a ń gbé. Màmá mi ń sin ẹja àrọ̀ sínú tapólì méjì lẹ́yìnkùlé, èmi ni mo sì ń pèsè oúnjẹ ààyè fún àwọn ẹja náà. Mo ń sin ìdin, mo ń sin kòkòrò inú omi, mo sì ń wa ekòló nígbà òjò. Nítorí èyí, wọ́n sọ mí ní "Onídin" ládùúgbò. Ìyá kan tilẹ̀ bi màmá mi lójú mi pé, "Ìyá Ìbejì, ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ yìí, pẹ̀lú ìdin tó ń kó kiri?" Màmá mi fi ẹ̀rín gbè é. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Àròkọ yìí ni mo fi ń dá irú wọn lóhùn. Mo gbà pé oúnjẹ ẹja wà lẹ́yìnkùlé gbogbo wa ní àyíká Ìbàdàn, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Ìtìjú ni kò jẹ́ ká kó o. Ìtìjú yẹn ń ná wa lówó, ó ń sọ adágún ẹja di kòtò gbígbẹ, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ̀ tó yẹ kó wà lọ́wọ́ àwa ọmọ ilé ìwé máa gbé orí pátákó nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, nítorí owó ni gbogbo àgbàlagbà ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá ti sin ẹja rí mọ̀ pé fíìdì ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó. Tapólì kì í jẹun, kànga kì í jẹun, ẹja ló ń jẹun lójoojúmọ́. Ó ju ìdajì owó tí a ń ná lọ tó ń gba ẹnu ẹja wọlé. Púpọ̀ nínú fíìdì náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Èyí tí wọ́n sì ń ṣe ní Nàìjíríà pàápàá, dọ́là ni wọ́n fi ń ra àwọn kan nínú èròjà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Àpò fíìdì oníkílò 15 tẹ̀lé e gòkè. Mi ò ní kọ iye àpò náà síbí, torí kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, iye ọ̀hún á ti di ìtàn àtijọ́.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún wa. Ní abúlé wa nìkan, adágún kọnkéré mẹ́ta ló wà tí kò sí ẹja nínú wọn mọ́. Wọ́n ń kó igi ìdáná sínú ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú èkejì. Ẹ̀kẹta, koríko ló hù síbẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Fíìdì ló lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Lẹ́bàá àwọn adágún gbígbẹ yìí ni òkìtì èèpo pákí wà, tí ó ń rà tí ó sì ń rùn, tí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó lè wúlò fún.

Àwọn kan máa ń sọ pé fíìdì inú àpò ni oúnjẹ gidi, pé kòkòrò kì í ṣe oúnjẹ ẹja tó dára. Ẹ jẹ́ ká bi ẹja fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹja àrọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àpò oúnjẹ kékeré kan máa ń so mọ́ ikùn rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ yẹn á tán. Ẹnu rẹ̀ ṣì kéré gan-an, ikùn rẹ̀ kò sì tíì gbó débi tí yóò fi lè lọ oúnjẹ gbígbẹ dáadáa. Ohun tó bá ń mì nínú omi ló ń lé. Bí kò bá rí i, ikú ló kàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pa ọmọ ẹja tà fi ń ra Artemia inú agolo. Kòkòrò kékeré kan tó ń gbé inú omi iyọ̀ ni Artemia, ẹyin rẹ̀ ló sì wà nínú agolo náà. Wọ́n á dà á sínú omi oníyọ̀, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, á ti pa, wọ́n á sì fún ọmọ ẹja jẹ. Ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí wọ́n ti ń kó ẹyin yìí jọ fún gbogbo ayé ni adágún oníyọ̀ ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Great Salt Lake.

Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ọmọ ẹja tí wọ́n pa ní Ẹgbẹ́dá ń dúró de oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Utah! Bẹ́ẹ̀, omi aláwọ̀ ewé tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ lẹ́yìn ilé lè mú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jáde láìná kọ́bọ̀ dọ́là kan. Moina àti Daphnia ni orúkọ àwọn kòkòrò tí mo ń sọ. Tí ẹ bá bu omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sínú ife tí ojú ń rí inú rẹ̀, tí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ óò rí wọn bí àmì tóótòòtó tó ń fò sókè sódò. Artemia kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀, nítorí omi iyọ̀ ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi lásán ni ilé Moina. Á máa wẹ̀ kiri láàárín àwọn ọmọ ẹja títí wọn ó fi gbé e mì.

Bí mo ṣe ń sin ín nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é. Mo pọn omi kànga sínú dúrọ́ọ̀mù tí a gé sí méjì, mo gbé e síbi tí oòrùn ti ń tà díẹ̀. Mo bu ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ bí ìkúnwọ́ mẹ́ta sínú àpò kékeré, mo dì í, mo sì so ó rọ̀ sínú omi náà. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, omi á ti di aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé yẹn ni oúnjẹ Moina. Mo lọ bu irúgbìn wọn létí odò, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sì fi sùúrù ṣà wọ́n, torí pé ọmọ lámilámi máa ń bá omi odò wọlé, apanijẹ sì ni ọmọ lámilámi láàárín ọmọ ẹja. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ di ti Moina fúnra rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá rọrùn fún wọn, abo kò nílò akọ kó tó bímọ, àwọn ọmọ náà kì í sì í pẹ́ kí àwọn náà tó máa bí. Láàárọ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì aláṣọ gbọ́n wọn, mo gbé wọn fún ọmọ ẹja, mo múra, mo lọ sí ilé ìwé.

Ìdin ní tirẹ̀ wà fún ẹja tó ti tóbi. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kì í ṣe ìdin eṣinṣin ilé ni mo ń sìn. Eṣinṣin kan wà tó dúdú, tó gùn gbọọrọ, tó jọ agbọ́n. Hermetia illucens ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Kì í ta èèyàn. Tó bá ti dàgbà, kì í wá oúnjẹ wa, kì í bà lé ọbẹ̀, kì í wọ yàrá. Ọ̀rá tó ti kó sára nígbà tó wà ní ìdin ló ń gbé e ró títí yóò fi yé ẹyin rẹ̀ tí yóò sì kú. Nínú gbogbo eṣinṣin, òun ni kò bá wa jà.

Oúnjẹ tí mo ń fún ìdin rẹ̀ ni ohun tí gbogbo adúgbò ń dà nù: èèpo pákí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí, èèrí láti ọ̀dọ̀ ológì, máńgòrò tó rà lásìkò máńgòrò, àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Mo pò wọ́n pọ̀ sínú báàfù, mo sì gbé pákó tó ní àlàfo tóóró lé orí rẹ̀. Inú àlàfo gbígbẹ ni eṣinṣin náà ń yé ẹyin sí, kì í yé e sínú oúnjẹ gan-an. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹyin á pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, ìdin á ti sanra. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó paradà, á fẹ́ sá kúrò nínú omi lọ síbi gbígbẹ. Mo ti fi pákó kan dagun sí etí báàfù náà dè é. Á gun pákó, á sì já bọ́ sínú garawa. Ẹ sọ fún mi, adìẹ wo ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò ọbẹ̀? Mo da omi gbígbóná lé wọn, mo sá wọn sóòrùn, ó di oúnjẹ ẹja. Bí a bá wọn ìdin gbígbẹ yìí, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Purotéènì yìí gan-an ló ń sọ fíìdì di ọ̀wọ́n.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń mú àtakò bọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ìdọ̀tí ni, pé àwọn ò lè jẹ ẹja tó jẹ ìdin. Mo fẹ́ bi wọ́n nípa adìẹ ìbílẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tí ẹ ń fi owó gọbọi rà nígbà ọdún, tí ẹ ní ó dùn ju adìẹ àgíríìkì lọ, kí ló ń jẹ lórí ààtàn láti àárọ̀ dalẹ́? Nígbà tí àwọn bàbá wa àgbà ń wó òkìtì ikán láti fi bọ́ ọmọ adìẹ, ta ló pè wọ́n ní onídọ̀tí? Ẹja tí wọ́n ń pa nínú odò Ọ̀ṣun ní Aṣẹ́jírẹ́, tí gbogbo èèyàn ń yìn, ṣé búrẹ́dì ló ń jẹ nísàlẹ̀ omi? Ekòló, kòkòrò àti ọmọ ẹja bíi tirẹ̀ ló ń jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ kò rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ ká pe ohun tí ojú wa kò rí ní ìmọ́tótó.

Òótọ́ kan wà nínú àtakò yìí ṣá, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn kan wà tó ń lo òkú adìẹ, tàbí ohun tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti fi kó ìdin jọ. Òórùn rẹ̀ ń pa àwọn aládùúgbò lára, eṣinṣin ilé ń gba ibẹ̀ wọ ilé ìdáná, àìsàn sì ń tẹ̀ lé e. Mo lòdì sí ìyẹn pátápátá. Ní ọdún 2017, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gba kí wọ́n máa fi kòkòrò bíi Hermetia ṣe oúnjẹ ẹja. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é: a kò gbọ́dọ̀ fi ìgbẹ́ tàbí àjẹkù ilé oúnjẹ sin kòkòrò náà. Òfin tó dára nìyẹn. Èèpo pákí àti èèrí kò rú òfin náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ṣe é lọ́nà ìdọ̀tí, ẹ bá onítọ̀hún wí. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pa iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹnìkan bá se ọbẹ̀ tó bàjẹ́, a kì í tìtorí rẹ̀ fòfin de ọbẹ̀ sísè.

Wọ́n tún ní omi tí a gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ilé á bí ẹ̀fọn, ẹ̀fọn á sì mú ibà wá. Àtakò gidi nìyí, torí pé ibà ń pa ọmọdé lọ́dọọdún ní ilẹ̀ wa. Mo ní àbúrò ìbejì, mi ò ní fi wọ́n tọrọ ẹja. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo fi ń bo dúrọ́ọ̀mù mi, tí mo sì fi okùn rọ́bà dè é létí. Tanwíjí máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò; ẹni tó bá ń gbọ́n omi rẹ̀ láràárọ̀ á ti kó o fún ẹja jẹ kó tó hu ìyẹ́. Ẹ lọ wo táyà àtijọ́, agolo ṣófo àti gọ́tà tó dí ládùúgbò yín. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ti ń dàgbà láìsí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó fi gọ́tà rẹ̀ sílẹ̀ tó wá ń bá mi jà nítorí dúrọ́ọ̀mù tí mo fi nẹ́ẹ̀tì bò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa lápálápá ni.

Ẹ̀kẹta, àwọn òbí ní, "Ìwé ni kí o gbájú mọ́." Mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ìwé náà? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ní ọdún 2011, wọ́n fi àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún un kí ọmọ tó bá jáde lè rí nǹkan ṣe, ẹ̀kọ́ ẹja sísìn sì wà lára wọn. Ohun tí ìwé wí nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta gbé dúrọ́ọ̀mù méjì sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olùkọ́ wa, a sì fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tọ́jú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní àlejò ń bọ̀ wá wo ilé ìwé, pé ká da gbogbo rẹ̀ nù kí àlejò má bàa rí ìdin. A dà á nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdánwò ìparí táàmù dé. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ní ká dárúkọ oúnjẹ ààyè mẹ́ta tí ẹja ń jẹ. Mo dárúkọ wọn, mo sì gba máàkì mi pé. Àwọn tí a dà sínú gọ́tà náà ni mo dárúkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n mo ní láti bi yín: ṣé kí a lè ka orúkọ nǹkan ni a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tàbí kí a lè ṣe é? Nínú garawa kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí ẹyin ṣe ń di ìdin, tí ìdin ń paradà di eṣinṣin, Bàọ́lọ́jì ni. Ìdí tí omi fi ń di aláwọ̀ ewé nígbà tí ìgbẹ́ adìẹ bá wọ inú rẹ̀, Kẹ́místírì wà níbẹ̀. Iye kílò èèpo tó ń di kílò ìdin kan, Ìṣirò ni. Ọmọ tó bá fi ojú rí i kò ní há a sórí. Á mọ̀ ọ́n títí ayé.

Àwọn mìíràn ti ṣe é tipẹ́, nítòsí wa pàápàá. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Godfrey Nzamujo dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Wọ́n ń sin ẹran, ẹja àti ohun ọ̀gbìn pọ̀ níbẹ̀, débi pé ohun tí ẹ̀ka kan dà nù ni ẹ̀ka kejì ń lò. Wọ́n ń fi ohun àdànù sin ìdin, wọ́n sì ń fi ìdin bọ́ ẹja àti adìẹ. Àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà ń lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn. Ìdin tí wọ́n fi ń bú mi ní Lágelú, àwọn kan ń wọ mọ́tò kọjá ààlà lọ kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́!

Kò tilẹ̀ yẹ ká rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1967 ni IITA ti wà ní Ìbàdàn níbí, ní ọ̀nà Mọ́níyà, lẹ́bàá àwọn abúlé Akínyẹlé. Lára iṣẹ́ tí wọ́n ti bá àwọn elégbè wọn ṣe níbẹ̀ ni bí èèpo pákí ṣe lè di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn dípò kó máa jóná lórí ààtàn. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹja. Ìmọ̀ náà wà lẹ́yìn ògiri tí à ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìtìjú wa ló ga ju ògiri náà lọ.

Wọ́n lè ní mo ń tan yín jẹ, pé ìdin kò lè bọ́ adágún ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lè dá a bọ́. Ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, ẹja sì nílò oríṣiríṣi èròjà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ oúnjẹ mìíràn. Màmá mi ṣì ń ra fíìdì. Ẹja bí 300 ló wà lọ́dọ̀ wa. Àpò kan tó máa ń tán ní ọjọ́ mẹ́fà tẹ́lẹ̀ ti ń tó ọjọ́ mẹ́jọ báyìí. Ọjọ́ méjì lè má jọ nǹkan kan lójú olówó. Ní ilé tiwa, ọjọ́ méjì yẹn ló di bàtà ilé ìwé fún àwọn ìbejì, òun náà ni mo sì ń tọ́jú pamọ́ díẹ̀díẹ̀ de fọ́ọ̀mù JAMB mi. Èmi ò sọ pé kí fíìdì kúrò lọ́jà. Mo ní kí ẹni tí kò lè ra àpò mẹ́rin lè fi mẹ́ta sin ẹja dójú ọjà, kó má baà sọ adágún rẹ̀ di ibi ìkó igi sí.

Ó kù kí n dá àwọn tó ń béèrè ẹni tí yóò fẹ́ mi lóhùn. Mo ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í bi ọmọkùnrin tó ń sin ìdin ní ìbéèrè yẹn. Tí ọkùnrin bá ṣe é, wọ́n á ní ó gbọ́n, àgbẹ̀ òde òní ni. Tí obìnrin bá ṣe é, ó di onídin. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa ló ń bó pákí, àwọn ló ń sẹ́ ògì, àwọn ló ń yan ẹja, àwọn ló sì ń tà á lójú ọ̀nà. Ibi tí òórùn ẹja ti ń wọni láṣọ ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi tọ́ àwọn tó wá ń yínmú lónìí. Ọṣẹ ń bọ́ òórùn ìdin lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ gbèsè. Ọkùnrin tí kò bá lè fẹ́ mi nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, kó máa bá tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé ìwé girama kọ̀ọ̀kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù kan àti báàfù kan kalẹ̀, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kó jìnnà sí kànga àti ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìgbẹ́ èèyàn tàbí òkú ẹran láé, kí wọ́n má sì lo èso tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò sí. Tí àlejò bá ń bọ̀ wá wo ilé ìwé, kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀ kó wò ó, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Kí àwọn òbí jẹ́ kí ọmọ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i fi 40 ìṣẹ́jú òwúrọ̀ ṣe é. Ẹ kì í ka iye wákàtí tí à ń lò lórí fóònù. Kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sì wá wo dúrọ́ọ̀mù kan rí, kí ẹ tó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa ọmọdé ní ọwọ́ tó lè wọ inú báàfù èèpo láìkọ iṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ ni àṣẹ àti àyè tí iṣẹ́ náà nílò. Ohun tí à ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni àyè kékeré lẹ́yìn kíláàsì, àti pé kí ẹ má fi ìdin bú wa mọ́.